Òkè Krujë: Odi Nìkan Kì í Gba Ìlú

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé ìtàn ni ó mọ Róòmù, tí ó mọ Gíríìkì, tí ó sì lè ka orúkọ àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ara wọn láìfi ọ̀kan pe méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Albáníà, gbogbo wa a dákẹ́ rọ́rọ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà kò tóbi lóòótọ́: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 28,748 kìlómítà ní ìbú àti òró, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì pé mílíọ̀nù 3. Etí òkun Adriatic ni ó wà. Ítálì ń wò ó láti òdìkejì omi, Gíríìkì sì jókòó tì í ní ìhà gúúsù. Òkè ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn sì máa ń sá sí nígbà ogun. Nínú àwọn ìlú orí òkè wọ̀nyí, mẹ́ta ni òkìkí wọn kàn jù: Gjirokastër, Berat àti Krujë. Àjọ UNESCO fi Gjirokastër sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, wọ́n sì fi Berat kún un ní 2008. Ṣùgbọ́n Krujë ni èmi yàn láti lọ fi ojú ara mi rí, nítorí ìbéèrè kan tí ó ti wà lọ́kàn mi pẹ́: báwo ni ìlú kékeré kan ṣe lé ogun tí ó lágbára jù ní ayé ìgbà náà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí ó sì wá ṣubú ní ẹ̀ẹ̀kẹrin? Kí ni ó yí padà? Òkè kò ṣípò, odi kò sì sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe lọ. Nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan ni a ti gbéra ní Tirana tí í ṣe olú-ìlú wọn, àwa mọ́kànlá láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ amọ̀nà wa. Òwúrọ̀ ni a jáde, ìrọ̀lẹ́ ni a sì padà, nítorí ọ̀nà náà kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. A gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá títí a fi dé Fushë-Krujë ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n gbé ère George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kalẹ̀ sí nítorí pé ó bẹ̀ wọ́n wò ní oṣù kẹfà, 2007. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò. Bí a ti ń gùn ún ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa bí ẹní, tí òkun sì ń dán ní ọ̀kánkán. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 600 mítà, òkè mìíràn tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, bí àgbà tí ó gbé ọmọ sí itan. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ogun tí ó lè yọ́ wọ ìlú yìí.

Amọ̀nà wa kọ́kọ́ bi wá léèrè pé, bí ogun bá ń lé ènìyàn, kí ni yóò kọ́kọ́ wá? Ọ̀kan nínú wa ní odi ni. Òmíràn ní ohun ìjà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi ni. Orúkọ ìlú náà pàápàá ni ó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí láti inú ọ̀rọ̀ "krua", èyí tí ó túmọ̀ sí ìsun omi ní èdè wọn, ni orúkọ Krujë ti wá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti 1190 ni a ti gbọ́ nípa Progon, olórí kan tí ó fi Krujë ṣe ibùjókòó ìjọba Arbër, èyí tí àwọn ènìyàn Albáníà ń pè ní ìjọba wọn àkọ́kọ́.

Kí a tó dé odi, ọjà àtijọ́ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ là kọjá. Òpópónà tóóró kan tí a fi òkúta tẹ́ ni, àwọn ìsọ̀ onígi sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Fìlà funfun tí a fi irun àgùntàn ṣe ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti aṣọ títẹ́ sílẹ̀ tí a fi ọwọ́ hun, àti gòjé olókùn méjì tí wọ́n ń pè ní çifteli, èyí tí wọn kì í fi ọrun ta, ìka ni wọ́n fi ń ta á. Ìyá arúgbó kan jókòó ní ìdí òfì rẹ̀, ó ń hun aṣọ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú mi dùn sí i. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá dára kò ní láti pariwo.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí orí ìtàn. Ọkùnrin tí orúkọ Krujë so mọ́ ni Gjergj Kastrioti, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Skanderbeg. Ní 1405 ni a bí i, ìjòyè ni baba rẹ̀, Gjon Kastrioti. Ní ìgbà náà àwọn Tọ́kì ti ń gba ilẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, àṣà wọn sì ni pé ìjòyè tí ó bá tẹríba fún Súlítánì yóò fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ bí ìdógò, kí baba má baà yí ọ̀rọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Gjergj lọ sí ààfin ní Edirne. Wọ́n sọ ọ́ di Mùsùlùmí, wọ́n kọ́ ọ ní ogun jíjà, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Iskender, èyí tí í ṣe Alẹkisáńdà, wọ́n fi oyè "bey" kún un. Ó di ọ̀gágun fún Súlítánì. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó wà nínú ọmọ tí a kó kúrò nílé. Ó lè gbàgbé ilé, ó sì lè jẹ́ pé ilé ni ó ń rò lójoojúmọ́.

Ní oṣù kọkànlá, 1443, nígbà tí àwọn Tọ́kì ń bá János Hunyadi ti ilẹ̀ Hungary jà ní ẹ̀bá Niš, Skanderbeg fi ojú ogun sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 300 ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́ tí ó dà bí ẹni pé Súlítánì ni ó fi í jẹ olórí Krujë. Ayédèrú ni ìwé náà. Àwọn tí ó ń ṣọ́ odi ṣí ilẹ̀kùn fún un, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ìlú ti di tirẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń rántí pé ó gbé àsíá pupa tí ó ní idì dúdú olórí méjì sókè. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ismail Qemali sì kéde òmìnira Albáníà ní Vlorë ní 1912.

Ohun tí ó ṣe tẹ̀lé e ni ó jọ mí lójú jù. Àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà kò fẹ́ràn ara wọn. Oníkálukú ni ó ń jẹ́ ọba ní orí òkè tirẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí pamọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, 1444, Skanderbeg pe àwọn ìjòyè wọ̀nyí jọ sí ìlú Lezhë, wọ́n sì mulẹ̀ pọ̀. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, wọ́n ti ṣẹ́ ogun Tọ́kì ní Torvioll.

Nígbà tí a gun orí odi, mo ní kí amọ̀nà wa fi ọ̀nà tí ogun gbà wá ní 1450 hàn mí. Ó nawọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Súlítánì Murad Kejì fúnra rẹ̀ ni ó wá, ó dó ti ìlú láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Àwọn ìwé àtijọ́ sọ pé ọmọ ogun rẹ̀ tó 100,000. Àwọn òpìtàn òde òní kò gba iye náà gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé wọ́n pọ̀ ju àwọn ará ìlú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n rọ àgbá sí ìdí òkè, wọ́n sì ń yìn ín lu odi. Ẹni tí Skanderbeg fi ìlú lé lọ́wọ́ ni Vrana Konti, pẹ̀lú nǹkan bí 1,500 ọmọ ogun péré.

Skanderbeg kò sí nínú odi. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fi ọkàn sí nìyí. Òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yòókù wà ní òde, lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ lu ibùdó àwọn Tọ́kì lóru, tí wọ́n sì ń dá àwọn tí ó ń ru oúnjẹ bọ̀ lọ́nà. Bí Súlítánì bá kọjú sí odi, wọ́n á gbá a lẹ́yìn. Bí ó bá yíjú padà, àwọn ará odi á rí àyè mí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Murad kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Nínú 1466, Mehmed Kejì, ọmọ Murad, ẹni tí ó ti gba Constantinople ní 1453, wá dó ti Krujë. Nígbà tí kò rí i gbà, ó kọ́ odi tuntun sí Elbasan, ó sì fi Ballaban Pasha sílẹ̀ láti máa há ìlú náà mọ́. Ọmọ Albáníà ni Ballaban. Ní oṣù kẹrin, 1467, Skanderbeg fọ́ ìdótì náà, Ballaban sì kú níbẹ̀. Mehmed tún padà wá nínú ọdún yẹn kan náà, ó tún lọ lọ́wọ́ òfo.

Kì í ṣe agbára ọwọ́ ara wọn nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1451 Skanderbeg bá Alfonso ọba Naples dá májẹ̀mú ní Gaeta. Ó ń kọ̀wé sí àwọn Póòpù ní Róòmù, owó àti ohun ìjà díẹ̀ sì ń ti òkè òkun wá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òde nìkan ni ìyọnu ti wá. Hamza, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sá lọ bá àwọn Tọ́kì, òun náà sì wà lára àwọn tí ó ṣáájú ogun tí ó wá bá ìyekan rẹ̀ jà ní Albulena ní oṣù kẹsàn-án, 1457. Ibẹ̀ ni a ti mú un. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 1468, ibà pa Skanderbeg ní Lezhë. Ilẹ̀ Fẹ́nísì ni ó wá ń ṣọ́ Krujë lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn Tọ́kì tún dó tì í, wọn kò yára. Wọ́n jókòó yí i ká fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Odi náà kò yí padà, òkè kò yí padà, ìsun omi sì ń sun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni kankan ní òde mọ́ tí yóò máa gbá ọ̀tá lẹ́yìn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹfà, 1478, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìtàn sọ pé Súlítánì ṣèlérí pé wọn yóò lọ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n sì kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Àwọn Tọ́kì yí orúkọ ìlú náà padà sí Ak Hisar, èyí tí í ṣe Odi Funfun, ọwọ́ wọn ni ó sì wà títí di 1912. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi nìyẹn: odi a máa dúró níwọ̀n ìgbà tí onílé bá ní ẹni ní òde. Ìlú tí ó bá ti odi mọ́ ara rẹ̀ láìní alátìlẹyìn ti di òǹdè kí ọ̀tá tó dé.

Mo ń ro èyí nígbà tí a wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nínú odi náà. Ilé ńlá olókùúta ni. Ẹni tí kò bá béèrè yóò rò pé Skanderbeg ni ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì kọ́: ní 1982 ni wọ́n ṣí i, Pranvera Hoxha àti Pirro Vaso ni wọ́n sì ya àwòrán ilé náà. Pranvera yìí ni ọmọ Enver Hoxha, ẹni tí ó fi ọwọ́ líle ṣe ìjọba Albáníà láti 1944 títí ó fi kú ní 1985. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Hoxha ti bá Yugoslavia jà ní 1948; ó bá Rọ́ṣíà pínyà ní 1961; ní 1978 China náà kẹ́yìn sí i. Kò ku ọ̀rẹ́ kan fún un láyé. Ó ń kọ́ àwọn ihò ààbò oníkọnkéré káàkiri oko àti etí òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní irú àkókò yìí ni ó kọ́ ilé fún Skanderbeg. Ohun tí ilé náà ń wí fún àwọn ará ìlú yé ènìyàn: pé Krujë ni gbogbo Albáníà, pé ọ̀tá yí i ká, àti pé ẹni tí ó ń ṣọ́ odi kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn Krujë gan-an ni ó da irú ọ̀rọ̀ yẹn nù. Skanderbeg ń wá ọ̀rẹ́ kiri òkun. Hoxha ti gbogbo ilẹ̀kùn. Póòpù fi orúkọ akọni Krístì pọ́n Skanderbeg lé. Hoxha ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa ní 1967. Ìparí ọ̀rọ̀ náà sì jọra lọ́nà tí ó yẹ kí ó dun ni. Lẹ́yìn 1468 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Albáníà ti kọjá òkun lọ sí gúúsù Ítálì, àwọn ọmọ wọn tí à ń pè ní Arbëreshë sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní oṣù kẹjọ, 1991, nǹkan bí 20,000 ènìyàn tún kó sínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, Vlora, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Bari ní Ítálì kan náà.

Àṣíborí Skanderbeg tí ó ní orí ewúrẹ́ lókè, àti idà rẹ̀, wà nínú ilé náà pẹ̀lú. Àwòṣe lásán ni wọ́n. Èyí tí í ṣe ojúlówó wà ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ní 2012, nígbà tí òmìnira pé 100 ọdún, wọ́n yá wọn ní nǹkan baba wọn, wọ́n gbé e wá sí Tirana, wọ́n sì tún gbé e padà. Àwa náà tí àwọn ère wa wà nílé onílé ní London kò nílò kí a ṣàlàyé irú ìyẹn fún wa.

Bí àwọn òkúta bá ṣubú, tí idà sì wà lóko, kí ni ó wá pa ìtàn náà mọ́? Ọ̀rọ̀ ni. Àlùfáà kan láti Shkodër, Marin Barleti, kọ ìtàn Skanderbeg ní èdè Látìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500, ìwé náà sì tàn ká Yúróòpù. A kò gbọdọ̀ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ o: Barleti fúnra rẹ̀ ni ó hun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí ó fi sí àwọn akọni lẹ́nu. Ó sọ pé ní Sfetigrad ní 1448, òkú ajá tí ọ̀dàlẹ̀ kan jù sínú kànga ni ó mú kí àwọn ará odi jọ̀wọ́ ìlú, nítorí wọn kò mu omi náà. Ó lè jẹ́ pé omi ni ọ̀tá gé mọ́ wọn lásán. Síbẹ̀, bí kò bá kọ ọ́, kí ni à bá rí yẹ̀wò?

Lẹ́yìn èyí ni èdè wọn fúnra rẹ̀. Gbólóhùn tí ó pẹ́ jù nínú èdè Albáníà tí ó ní ọjọ́ lórí ni Pal Engjëlli, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Durrës àti ọ̀rẹ́ Skanderbeg, kọ sílẹ̀ ní 1462 kí wọ́n lè máa fi ṣe ìrìbọmi. Ní 1555 ni Gjon Buzuku tẹ ìwé wọn àkọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n títí di 1908, oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ní ọdún yẹn ni wọ́n pàdé ní Manastir tí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí álífábẹ́ẹ̀tì tí ó di ti gbogbo wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n gba òmìnira. N kò sọ pé èyí ni ó bí ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó jẹ́ èèṣì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni èyí tí mo fẹ́ fi kún un. Nínú odi kan náà ni ojúbọ àwọn Mùsùlùmí Bektashi wà, tí wọ́n ń pè ní teqe ti Dollma, òun àti ilé ìdílé Toptani tí wọ́n kọ́ ní 1764, èyí tí wọ́n ti sọ di ibi ìkóhun-ìlò àtijọ́ sí: ibi ìfún epo ólífì, ibi ìdáná, iyàrá àlejò. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀sìn Albáníà lónìí, Kìrìsìtẹ́nì tí ó bá Súlítánì Mùsùlùmí jà sì ni akọni wọn. Ẹlòmíràn ìbá ti fi èyí dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìdílé Bektashi ni Naim Frashëri, òun ni ó sì kọ ewì ńlá lórí ìtàn Skanderbeg ní 1898. Wọ́n gbà pé baba kan náà ni ó bí wọn kí ẹ̀sìn tó yà wọ́n.

Ìsẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, 2019, tí ó pa ènìyàn 51 ní ilẹ̀ náà, ṣe odi Krujë léṣe. Wọn yóò máa tún un ṣe, òmíràn yóò sì tún wó lọ́jọ́ iwájú, nítorí òkúta ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí mú nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Bí wọ́n bá mú yín wọ ilé tí a kọ́ fún akọni, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ẹ tó béèrè iye ọ̀tá tí akọni pa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi odi yangàn níwájú yín, ẹ bi í pé ta ni ó ní ní òde.